Oore tó ń wá lójoojúmọ́: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí àti bí mo ṣe ń dáhùn

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà níbí n'Ìbàdàn, mo sì wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa oore Ọlọ́run tó ń wá lójoojúmọ́ tá ò kì í rí, torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe máa ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn kan lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan nísọ̀ mi bí mo ṣe ń wọn èlùbọ́ fún wọn lọ́wọ́, àwọn míì á fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàjìn tí nǹkan bá ti sú wọn. Mo wá ní kí n kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù jọ sójú kan. Tí ìdáhùn mi bá yàtọ̀ sí èrò tiyín ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo sọ.

Kí lẹ ń pè ní oore ojoojúmọ́ gan-an? Ṣebí nǹkan ńlá bíi ilé, mọ́tò, físà là ń dúpẹ́ fún?

Ẹ dúpẹ́ fún ilé o, ẹ dúpẹ́ fún mọ́tò, mi ò bá yín jà. Àmọ́ mélòó nirú ẹ̀ láàárín ọdún? Ẹlòmíì á lo ọdún mẹ́wàá kó tó rí ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan la fẹ́ máa kà, a jẹ́ pé Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan kan fún wa láàárín ìgbà yẹn, irọ́ sì nìyẹn.

Èyí tí mò ń wí lèyí tó ti wọlé kó o tó kúrò lórí ibùsùn. O sùn, o ò mọ ibi tó o wà mọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹ, síbẹ̀ èémí ń wọlé ó ń jáde. Àwọn oníṣègùn ní ọkàn àgbàlagbà máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ọjọ́ kan, èémí á wọlé á jáde ní nǹkan bí ìgbà 20,000, kò sì sí ẹyọ kan tó o fọwọ́ ara ẹ tàn níbẹ̀. Kò lo NẸ́PÀ, kò mu epo, a ò sì lè sọ pé ká pa á kó sinmi díẹ̀ bíi jẹnẹrétọ̀.

Àwọn bàbá wa mọ èyí dáadáa. Tí wọ́n bá kí ẹ pé ṣé dáadáa lo jí, ìdáhùn tí wọ́n fi lé wa lẹ́nu ni "a dúpẹ́". Ilé ńkọ́? A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́. Ẹni tó bímọ, ẹni tí mọ́tò gbókìtì tó jáde níbẹ̀ láìfarapa, "ẹ kú ewu" la fi ń kí i, torí a mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀ tó kọjá. Ẹnu wa ṣì ń sọ gbogbo ẹ̀, ọkàn wa ni kì í sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo ṣiṣẹ́, èmi ni mo jí laago mẹ́rin àárọ̀. Kí ló dé tó fi máa jẹ́ Ọlọ́run ni n óò gbé ọpẹ́ ẹ̀ fún?

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi dá yín lóhùn torí òun ni mo mọ̀. Iṣu tí wọ́n fi ṣe èlùbọ́ tí mò ń tà, láti Òkè-Ògùn ló ti ń wá, Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí àti agbègbè ibẹ̀. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú omi yẹn di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá sá a sóòrùn. Ibi sísá yẹn lọ̀rọ̀ wà. Tóòrùn bá mú, tí ọyẹ́ bá fẹ́, iṣu á gbẹ débi pé tó o bá gbá méjì pọ̀ á máa dún kọ́kọ́kọ́ bí igi, èlùbọ́ tó bá tibẹ̀ jáde, àmàlà ẹ̀ á dán, á fà, á wọ ọ̀fun láìsí wàhálà. Àmọ́ tó bá jẹ́ àkókò òjò tóòrùn ò yọ fún ọjọ́ bíi mẹ́rin léraléra, iṣu á dẹ̀, á bu, á máa rùn, ẹni tó ni ín lè jí laago mẹ́rin, ó lè jí laago kan òru pàápàá, kò sóhun tó lè fi rọ́pò oòrùn yẹn.

Ó dáa, oòrùn yẹn, ta ló ń sanwó ẹ̀? Ẹni tó sá iṣu ò san, èmi ò san, ẹni tó jókòó nísọ̀ onámàlà tó bu ewédú àti gbẹ̀gìrì lé e ò san. Jésù sọ ọ́ nínú Mátíù orí 5 pé oòrùn Bàbá ń ràn sórí ẹni burúkú àti ẹni rere, òjò ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Mósè sì ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú Diutarónómì orí 8, ó ní tẹ́ ẹ bá dé ilẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ jẹun yó, tẹ́ ẹ kọ́lé tó dáa, tí màlúù yín pọ̀, ẹ má sọ lọ́kàn pé agbára ọwọ́ yín ló kó ọrọ̀ jọ, Olúwa ló ń fúnni lágbára tá a fi ń lọ́rọ̀. Ẹ wò ó dáadáa, Mósè ò ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ńkọ́, wọ́n máa ṣe é. Apá tìrẹ ni pé kó o dìde laago mẹ́rin. Pé ojú ẹ là láago mẹ́rin yẹn kó o tó dìde, ìyẹn ò sí lápá tìrẹ.

Lọ́jà wa, tí mo bá wọn kóńgò èlùbọ́ tán, oníbàárà á na báàgì sí mi, á ní "èènì mi dà?" Mo máa bu díẹ̀ sí i, kò sanwó ẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, á dúpẹ́ lórí díẹ̀ yẹn ju gbogbo èyí tó rà lọ. Mo máa ń ronú sí i pé níwájú Ọlọ́run, kí la tíẹ̀ rà? Gbogbo ẹ̀ ni èènì.

Kí ló wá dé tá ò kì í fi í rí i, nígbà tó pọ̀ tó báyẹn?

Bàbá mi ló là mí lójú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ìtọ̀ Bàbá dí. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ fún wa ó ti lé ní wákàtí ogún tí wọn ò tíì rí i tọ̀, ìtìjú ni ò jẹ́ kí wọ́n tètè sọ. Ikùn wọn le bí òkúta. Àwọn tí kì í ké fún ìrora, wọ́n ń mí bí obìnrin tó ń rọbí, wọ́n gbá irin ibùsùn mú, òógùn bo ojú wọn. A gbé wọn sínú Máíkírà, ọsibítù àkọ́kọ́ tá a gbé wọn dé, ká kọ́kọ́ lọ sanwó káàdì ni wọ́n ń wí, mi ò fẹ́ rántí ìyẹn rárá. Ibòmíì la tún gbé wọn lọ. Ọmọdébìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mi ò rò pé ó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ló ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú ìtọ̀ wọn, bí ìtọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú àpò nìyẹn. Ó ju lítà kan lọ dáadáa. Mo ń wo ojú Bàbá bó ṣe ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, wọ́n di ọwọ́ ọmọ yẹn mú, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mo fi ń tọ̀ tí mi ò dúpẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, láti kékeré, tí a kì í fiyè sí rárá, àfìgbà tó dáwọ́ dúró fún ọjọ́ kan. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ o: ẹran kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ yín tí wọ́n ń pè ní prostate, ó máa ń wú bọ́jọ́ orí bá ń lọ, òun ló fún ọ̀nà ìtọ̀ Bàbá pa. Tẹ́ ẹ bá ń jí lọ́pọ̀ ìgbà lóru láti tọ̀, tí ìtọ̀ ń kán tó tó tó, ẹ lọ rí dọ́kítà, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín.)

Ìdí tá ò fi í rí i náà nìyẹn, pé kì í yẹ̀. Ó ń wá lójoojúmọ́ débi tó fi dà bíi pé ó di dandan. Mánà tó ń bọ́ fáwọn ọmọ Ísírẹ́lì láàárọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ẹnu yà wọ́n, wọ́n ń bi ara wọn pé kí lèyí. Nígbà tó máa fi dé ìwé Númérì orí 11 ó ti sú wọn, wọ́n ń sunkún pé ẹja àwọn ní Íjíbítì dà, kùkúńbà àti àlùbọ́sà dà, ojú àwọn ò rí nǹkan míì àfi mánà yìí. Oúnjẹ yẹn ò yí padà o, láti ọ̀run ló ṣì ti ń bọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ìlú le, owó ò sí, ọjà gbówó lórí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa dúpẹ́ fún ebi ni?

Rárá o. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí ẹni tó ti jẹun yó ń sọ fún ẹni tébi ń pa pé kó ṣáà máa dúpẹ́. Jákọ́bù orí 2 ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí, ẹni tó rí arákùnrin tí kò láṣọ tí kò lóúnjẹ, tó sọ fún un pé máa lọ ní àlàáfíà, kó o yó, tí kò fún un ní nǹkan kan. Àǹfààní kí ló wà níbẹ̀?

Pọ́ọ̀lù ní ká máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, "nínú" ló sọ. Ẹni tó wà nínú ebi lè rí nǹkan míì tí Ọlọ́run ṣe fún un nínú ebi yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó pe ebi ní oore. Ẹ ka Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbe, Dáfídì ń bi Olúwa pé títí dìgbà wo lo máa gbàgbé mi, nígbà tó máa fi parí ó ń kọrin torí Olúwa ti ṣe é lóore. Ìgbe àti orin nínú Sáàmù kan náà, Ọlọ́run ò sì bínú sí ìgbe yẹn, kódà ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Oníbàárà mi kan wà, kóńgò mẹ́fà ló máa ń rà tẹ́lẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kan ó ní kí n wọn ẹyọ kan. Mi ò bi í léèrè, mo bu èènì sí i títí báàgì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó dákẹ́, ó wò mí, ó ní "Ẹ ṣé o, ìyá, tálẹ́ òní nìyẹn." Tí Ọlọ́run bá fẹ́ bọ́ obìnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ tèmi ló wà nítòsí. Ẹni tó bá ní, tó ń wàásù ọpẹ́ fún ẹni tí kò ní, kó kọ́kọ́ bu nǹkan sí báàgì.

Tí mo bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣé ó tún yẹ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn? Ṣebí Ọlọ́run ló lò wọ́n?

Ó yẹ gan-an ni. Àwọn kan wà, nọ́ọ̀sì á jókòó tì wọ́n mọ́jú, tí wọ́n bá dìde wọn ò ní wo ojú ẹ̀, "Ọlọ́run ló ṣe é" lọ̀rọ̀ tó kàn. Ọlọ́run ló ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ta ló fi ṣe é? Àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, èèyàn ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀.

Àwa Yorùbá tún ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n fún ẹ ní nǹkan lánàá, o ti kúnlẹ̀ lánàá, o ti dúpẹ́ tán. Tílẹ̀ bá mọ́ tó o tún pàdé ẹni yẹn, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ ni "ẹ ṣeun àná o". Tí o ò bá sọ ọ́, wọn ò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n á rántí. Ọpẹ́ ìrọ̀lẹ́ àná, ìdùnnú ló sọ ọ́, ọwọ́ ẹ ṣì di nǹkan mú. Ti àárọ̀ yìí, ìrántí ló mú un wá. Látìgbà ọ̀rọ̀ Bàbá mi, bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà àárọ̀ nìyẹn, kí n tó tọrọ ohunkóhun, "Olúwa, ẹ ṣeun àná", màá wá sọ ohun tó jẹ́ ti àná ní pàtó.

Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù orí 17, ẹ ti gbọ́ ìtàn wọn títí. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ò ṣe nǹkan burúkú, Jésù ló ní kí wọ́n lọ fi ara han àlùfáà, wọ́n sì ń lọ. Ẹyọ kan, ará Samáríà, àjèjì láàárín wọn, ló yí padà lójú ọ̀nà. Jésù bi í pé àwọn mẹ́sàn-án dà. Kò gba ìwòsàn padà lọ́wọ́ wọn o, mo máa ń ronú sí ìyẹn gan-an, ara wọn dá, wọ́n dé ilé, wọ́n gbé ọmọ wọn, àwọ̀ wọn mọ́, títí ọjọ́ ayé wọn. Ó ṣáà béèrè wọn ni.

Ẹ ní òjò jẹ́ ẹ̀bùn. Ṣé ẹ ò gbé Ìbàdàn yìí nígbà omíyalé?

Mo gbé ibẹ̀. Wọn ò tíì bí mi nígbà Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ìyá mi ló máa ń sọ ọ́ fún wa, tó bá sì ń sọ ọ́ ohùn ẹ̀ máa ń yí padà. Àmọ́ ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ṣojú mi. Omi gbé afárá, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Mi ò ní pe ìyẹn lẹ́bùn láéláé, ẹni tó bá sì pàdánù ọmọ nínú ẹ̀, mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé Ọlọ́run fún un, màá jókòó tì í ni.

Ohun tí mo lè sọ ò ju èyí lọ. Òjò kan náà ló ń mú iṣu ta ní Òkè-Ògùn, òun ló ń kún adágún Aṣẹ̀jírè àti Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ti ń fa omi wá sáàárín ìlú, òun ló ń jẹ́ kí kàǹga ẹ̀yìnkùlé wa má gbẹ. Odò Ògùnpa ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé sójú ọ̀nà ẹ̀, àwa la sì ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà tí òjò bá ti ṣú, tá a ní omi á gbé e lọ. Mi ò ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn o. Àmọ́ ẹni tó bá gbà pé ẹ̀bùn ni omi, kò yẹ kó máa dí ọ̀nà tí Ọlọ́run là fún un.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọrọ ọmọ. Tí wọ́n bá ní kí n ka ìbùkún mi ńṣe ló ń dùn mí.

Àǹtí mi, ó yẹ kó dùn yín. Ẹ rántí Hánnà. Ẹlikénà ọkọ ẹ̀ fẹ́ tù ú nínú, ó ní ṣé mi ò sàn fún ẹ ju ọmọkùnrin mẹ́wàá lọ? Ọkọ dáadáa ni, ìfẹ́ tó ní sí Hánnà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n Bíbélì ò sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn nu omijé nù. Hánnà dìde ó lọ síwájú Olúwa, ó sunkún débi tí àlùfáà fi rò pé ó mutí, kò sì sí ibi tí Ọlọ́run ti bá a wí pé ṣé o ò rí ọkọ tó ń fẹ́ràn ẹ ni.

Torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan fi "dúpẹ́, dúpẹ́" pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ tọrọ ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ. Tí oore míì bá wà nínú ọjọ́ yín, ẹ dúpẹ́ ẹ̀ nítorí òun fúnra ẹ̀, ẹ má fi ṣe arọ́pò ọmọ, torí kì í ṣe arọ́pò ọmọ.

Mùsùlùmí ni mí, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ṣé Ìbàdàn kọ́ la wà ni? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Alhaja ni wọ́n, inú agboolé kan náà la dàgbà sí, wọ́n ń gbé ẹran Iléyá fún wa, àwa náà ń gbé ìrẹsì Kérésì fún wọn. Àwọn ni mo kọ́kọ́ rí tó ń dúpẹ́ lórí sísín. Tí wọ́n bá ti sín, "Alihamudulilahi", ojú ẹsẹ̀ ni. Mo bi wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé kí lẹ ń dúpẹ́ fún nínú sísín, wọ́n ní ṣé o rò pé gbogbo ẹni tó fẹ́ sín ló ń rí i sín ni.

Àwọn náà ló sọ fún mi pé nínú Súrátù Ibrahim Ọlọ́run sọ pé tí èèyàn bá ní kóun ka ìdẹ̀ra òun, kò lè kà á tán. Nínú Súrátù Rahman, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn padà wá, èwo nínú oore Olúwa yín lẹ máa pè nírọ́. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹni tó ń béèrè mọ̀ pé a máa ń gbàgbé. Ibi tá a ti yàtọ̀ pọ̀, a mọ̀ ọ́n, àmọ́ lórí èyí, Alhaja lọ̀gá mi.

Ṣé dandan ni kí n ṣe ìdúpẹ́ pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti ìlù?

Tówó bá wà tó ń wù yín, ẹ ṣe é, ayọ̀ dáa. Tó bá jẹ́ pé gbèsè lẹ máa jẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó yáwó dúpẹ́, àtisan owó yẹn ni gbogbo ọkàn ẹ̀ máa wà.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Mo ti gbìyànjú, kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ń kó wọn pọ̀ jù. "Olúwa mo dúpẹ́ fún gbogbo ohun tó o ṣe fún mi", ó dáa, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tójú lè rí, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń sú èèyàn. Ẹ mú ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá ń bu omi sára láàárọ̀, ẹ sọ ti omi, bó ṣe tutù, ẹni tó fà á láti kàǹga, pé ẹ ní awọ ara tó mọ̀ ọ́n pé omi tutù. Tẹ́ ẹ bá wà nínú Máíkírà tí gósílòó mú yín ní Ìwó Road, ẹ sọ ti ẹsẹ̀ yín tó gbé yín dé gárééjì. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta, kétí yín gbọ́, ó yàtọ̀ sí kéèyàn rò ó lásán.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń ní káwọn obìnrin kíláàsì mi ṣe, pé kí wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo wé gèlè lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ká ọwọ́ kejì sẹ́yìn. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Ìyá kan nínú wọn dákẹ́ lójijì, ó jókòó, ó ní àbúrò òun tí rọpárọsẹ̀ mú, báyìí ló ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ni. A ò ka ẹsẹ Bíbélì kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà. Ìwé Ẹkún Jeremáyà ní orí 3 sọ pé àánú Olúwa tuntun ni láràárọ̀, Jérúsálẹ́mù ti wó lulẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ìyẹn o, kì í ṣe ìgbà ìdẹ̀ra.

Àwọn ọmọ ìsinyìí ò mọ oore. Báwo la ṣe fẹ́ kọ́ wọn?

Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fọ́mọ pé "àwọn kan ò rí èyí jẹ o, ó yẹ kó o máa dúpẹ́". Ẹ̀rù nìyẹn máa dá bà á, tàbí kó máa wo ẹni tí kò rí jẹ bí ẹni tó rẹlẹ̀. Ìtàn ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn.

Nígbà tí ọmọ mi ní ẹ̀wà ti sú òun, oríkì ìlú ẹ̀ ni mo kì fún un. Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ó ní kí nìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú yìí dó ká, orí òkè ni wọ́n sá gùn, kò sóúnjẹ, èso òro inú igbó ni wọ́n ń jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n ń jẹ yó, ìkarahun ìgbín yẹn náà ni wọ́n sọ di ife. Wọ́n là á já, wọ́n dàgbà, wọ́n di ìlú ńlá, wọn ò sì fi òro àti ìgbín yẹn pa mọ́, wọ́n fi ṣe oríkì tá a fi ń kí ọmọ wọn títí dòní. Ọmọ yẹn dákẹ́ pẹ́ títí, ó wá ní "Mọ́mì, ṣé ìgbín dùn?" Mo ní ó dùn gan-an. Ó jẹ ẹ̀wà ẹ̀ tán.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó mi ni. Mi ò rí nǹkan kan dúpẹ́ fún.

Ẹ sunkún, sà. Jésù sunkún nígbà tí Lásárù kú, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ jí i. Kò sẹ́ni tó rán yín níṣẹ́ ọpẹ́ lásìkò yìí. Ẹ jẹun, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn tì yín nílé, ẹ má dá gbé. Ọpẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e dání ná.

Bàbá yín tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ wọn, báwo ni wọ́n ṣe wà?

Wọ́n wà, a dúpẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yọ rọ́bà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí. Tí wọ́n bá ti ti ilé ìtọ̀ jáde, wọ́n á sọ ọ́ sókè, "Olúwa, ẹ ṣeun o", àlejò ì báà wà ní pálọ̀. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ mi níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn. Àbíkẹ́yìn mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn, "Àmín, Bàbá", láti ibi tó bá wà. Ó ti ràn mọ́ gbogbo wa. Láàárọ̀ òní mò ń ro ògì ní kíṣìnnì, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ohùn wọn, mo gbọ́ tọmọ náà nínú yàrá tó ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù, èmi náà dáhùn, mi ò gbé ọwọ́ kúrò lára orógùn.